Ààbọ̀ Ìwé Tí Mo Kà fún Wọn

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ọ̀dọ́mọbìnrin kankan ní Parakou tó mọ ìwé Yorùbá kà tó mi. Bàbá mi ló kó mi sí i. Télọ̀ ará Kétu ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta nígbà èwe rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kó rédíò bọ̀ wálé, ìwé ìtàn lòun kó bọ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ẹni tó bá lè ka Yorùbá geere láàárín wa, inú Bíbélì ló ti kọ́ ọ. Inú ìtàn lèmi ti kọ́ tèmi, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè ni mò ń gbé nígbà náà, ní àdúgbò Ladjifarani. Ará Ṣábẹ̀ ni. Kò bá wa tan, ṣùgbọ́n òun àti ìyá mi ti jọ ná ọjà rí, ìyá mi sì ní kí n lọ kọ́ òwò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa méjì péré la wà nínú ilé náà. A jọ ń ṣí bútíkì, ìsọ̀ aṣọ rẹ̀, láàárọ̀, a jọ ń jẹun nínú àwo kan lálẹ́, bí ẹran bá sì kù, á fi ìka tì í sí ọ̀dọ̀ mi láìwojú mi. Mi ò bi í rí bóyá ó bímọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ni. Ká sòótọ́, kò wá sí mi lọ́kàn ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwa mélòó kan máa ń pé jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti ka ìwé Yorùbá sókè. Ẹnì kan á máa kà, àwọn tó kù á máa dá sí i, wọ́n á máa bú ìkà inú ìtàn bí ẹni pé ó jókòó tì wọ́n. A ti ka ìwé ńlá òǹkọ̀wé àgbà kan tán, ìwé tí kò sílé ọ̀mọ̀wé tí kò sí. Bàbá tó jẹ́ olórí wa wá béèrè ohun tí a ó kà tẹ̀lé e. Mo dìde. Mo ní òǹkọ̀wé yìí kan náà kọ ìwé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, pé bàbá mi ló fún mi ní tèmi, pé ó dùn ju ìwé ńlá lọ. Wọ́n ní kí ló wà nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bí mo bá sọ, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́? Mo délé, mo bẹ Màmá pé kó bá mi lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí èmi ni n ó kà á. Aṣọ tuntun ló wọ̀ lọ.

Ìwé náà pín sí méjì. Ẹnu àwọn ará ìlú ni ìdajì àkọ́kọ́ ti wá: wọ́n ń bú obìnrin kan tó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ nílé ọkọ, tó lọ ń ṣòwò nílùú òkèèrè. Ìdajì kejì ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni òtítọ́ wà. Torí ìdajì kejì yìí ni mo ṣe fẹ́ràn ìwé náà.

Mo ka èébú àwọn ará ìlú pẹ̀lú ohùn tó yẹ èébú. Inú àwọn èèyàn gbóná. "Adìẹ lásán ń kó ọmọ rẹ̀ mọ́ra," ni tàǹtí kan tó ń ta òróró wí. Ẹlòmíràn ní owó ló wu obìnrin náà bí. Mo rò pé adùn kíkà mi ló ń mú wọn, mo bá tún gbé ohùn sókè. Ìgbà tó yá, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo gbójú sókè, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Àwọn kan ń wo Màmá, àwọn tó kù ń ṣọ́ra kí wọ́n má wò ó. Màmá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹ má bínú," ló wí, "mo gbé ẹ̀wà kaná." Kò sí ẹ̀wà kankan lórí iná. Èmi àti òun la jọ pa èédú ká tó jáde.

Tàǹtí olóróró fà mọ́ mi. "Ọmọ yìí, o láyà o. Ẹni tó ń bọ́ ẹ lò ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù?" Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Màmá fi ọmọ sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀, pé gbogbo ará Ṣábẹ̀ tó wà ní Parakou ló mọ̀, pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ààbọ̀ ìwé ni mo kà, ó sì ti di odindi nínú wọn. Bí mo bá ti sọ ìparí rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, gbólóhùn méjì ì bá tó. Ìtìjú di mí lẹ́nu. Mo pa ìwé dé, bàbá olórí sì ní a ó padà sí Sáàmù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Inú ìwé ni mo—"

"Ó dáa."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bu oúnjẹ mi sí àwo ọ̀tọ̀, ó fi ẹran tó tóbi sí i. Àwo méjì la fi ń jẹun láti ọjọ́ yẹn títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ìgbàkígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ pé "ìwé yẹn, Màmá," á bi mí ní iye tí mo ta aṣọ kan. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi kò kú, mo ń jẹ ẹran ńlá nínú àwo tèmi, kò sì dùn lẹ́nu mi.

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti ní bútíkì tèmi ní Arzèkè. Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, mo sì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní Ladjifarani. Nígbà òjò tó kọjá yìí, a jókòó, ó kàn ṣàdédé ní, "Obìnrin inú ìwé yẹn, kí ló padà ṣe?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní àwọn ẹbí ọkọ ló gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin náà nígbà tí ọkọ kú, tí wọ́n sì lé e. Mo ní ọdọọdún ló ń padà wá bí oníbàárà sídìí àtẹ tí wọ́n ní kí ọmọ náà máa jókòó tì, á ná ọjà, á rà á, á lọ. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ọmọ náà, tó ti dàgbà, sọ fún un pé òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń pe ọjà lọ́wọ̀n-ọ́n, kó lè pẹ́ níbi tó ti ń ná an.

Màmá fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè nípa òǹkọ̀wé náà, pẹ̀lú ohùn tó fi bi mí nígbà kan, "Ta ló sọ fún òun?"

Mo dìde lọ bu oúnjẹ, mo mú àwo méjì. Ó gbọ́ ìró wọn. Ó ní ọ̀kan tó.

Inú mi ì bá dùn jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n tàǹtí olóróró ti kú, bàbá olórí ti padà sí Ìdàáṣà, àwọn tó kù ti fọ́n ká. Ibi tí mo pa ìwé dé sí ni ọ̀rọ̀ Màmá wà lẹ́nu wọn, mi ò sì lè máa tọ̀ wọ́n kiri pẹ̀lú ìdajì kejì. Ojú ń tì mí títí dòní. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí ní ìwé tó dára láti kà, ìwé kékeré yẹn ni mo máa ń dárúkọ, mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ ìparí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní mo ti ba ìtàn náà jẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo sì gbé ìwé lé wọn lọ́wọ́.