Sèsé tí Kò Tíì Gbẹ

Ní àwọn ọdún tí owó epo ń kọ́lé káàkiri Ìsọlọ̀, màmá mi gbin sèsé sí ìdí ọgbà ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà. Ì bá gbin ẹ̀wà olóyin tí í tètè gbó, ṣùgbọ́n sèsé yìí ni irúgbìn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, kò sì sẹ́ni tó ń gbìn ín mọ́ ní ìlú wa. Ó so àkísà pupa mọ́ àwọn èso tó yàn fún irúgbìn, kí ẹnikẹ́ni má baà já wọn sè.

Wọ́n ṣì tutù nígbà tí bàbá onílé já búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ láti kọ́ yàrá kún ilé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ."

"Ìyá Ìbejì, sèsé kì í san owó ilé. Àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la."

Màmá fa sèsé náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó gbé e kọ́ sí àjà ilé ìdáná, bóyá omi tó kù nínú ìtàkùn yóò mú àwọn èso náà gbó. À ń wò wọ́n bí ẹni ń wo aláìsàn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ọ̀pọ̀ ti hunjọ. Ó ṣa ìwọ̀nba tó sàn, ó gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì.

Mo rántí pé ẹyọ kan hù. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà, ní rárá, olóyin ni, òun ló rì í sínú agolo kí màmá má baà sunkún. N kò lè jiyàn. Ohun tó dá mi lójú ni pé a kò jẹ sèsé nílé wa mọ́, àti pé màmá, tí kò lè ṣi ewé sèsé mọ̀ láé, ń bomi rin agolo náà láràárọ̀.