Túùbù Orí Tábìlì

Màmá Ẹ́ńsáìmù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, ó kàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ló fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe: àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín inú ohun abẹ̀mí, tí wọ́n ń gé ohun ńlá sí wẹ́wẹ́, irú èyí tó ń mú kí oúnjẹ dà nínú ikùn wa. Ooru ni ọ̀tá wọn. Ìyá yìí ló wá sọ fáyé pé òun rí ọ̀kan nínú erùpẹ̀ ẹ̀yìn láàbù tí omi gbígbóná kò rí gbé ṣe. Ìwé ìwádìí tó kọ nípa rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwọn onímọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ti tọ́ka sí ìwé náà nínú tiwọn. Ẹ má bi ìyá ní iye wọn gan-an, ọkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Bàbá náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kì í tíì fọ ẹnu láàárọ̀ tó fi máa ń tan kọ̀ǹpútà.

"Ìyá wọn, wọ́n tún ti tọ́ka sí wa o!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀, "wa". Ẹni tí kò fọ túùbù kan rí láyé.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ìyá ń fi iṣẹ́ náà han kíláàsì kan. Kò le rárá: wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù àti ohun tó ń gé sínú túùbù, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á kì í bọ omi gbígbóná. Bí ohun inú túùbù bá di yẹ́lò, ẹ́ńsáìmù ṣì ń ṣiṣẹ́. Túùbù kan máa ń wà tí wọn kì í fi ẹ́ńsáìmù sí. Òun ni ẹlẹ́rìí, kò gbọdọ̀ yí àwọ̀ padà. Orí tábìlì ni ìyá máa ń fi í sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, báàgì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba tábìlì, ló bá kì í bọ omi gbígbóná pẹ̀lú àwọn yòókù.

Nígbà tí wọ́n yọ wọ́n, gbogbo wọn ti di yẹ́lò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ọmọbìnrin kan béèrè, "èwo ni ò ní ẹ́ńsáìmù nínú?"

Ìyá ní wọ́n ti da nǹkan pọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Yẹ́lò. Ó tún un ṣe. Yẹ́lò náà ni. Ìgbà yẹn ló yé e. Ooru lásán ló ń yí àwọ̀ náà padà, túùbù orí tábìlì kò sì fara kan ooru rí. Ó jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù tó ti gbóná tutù, ó dà á mọ́ ohun tó ń gé: kò di yẹ́lò. Ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti ń kú sínú omi gbígbóná látọjọ́ yìí bí ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, òun sì ti ń fi òkú yangàn kárí ayé.

"Ta ló rí i?" Ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ bi í nìyẹn nígbà tó ròyìn fún un nílé.

"Èmi ni."

"Ìwọ nìkan? Ó tán. Jọ̀ọ́, pa ẹnu mọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ sára láàbù tuntun. Àṣìṣe ni, kì í ṣe irọ́."

"Bàbá wọn, títí di àárọ̀ yìí, àṣìṣe ni. Tí mo bá dákẹ́ báyìí, ó ti di irọ́ nìyẹn."

Èèyàn burúkú kọ́ ni bàbá yìí o. Ìtìjú tó máa bá ìyàwó rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ìyá jókòó láti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwádìí náà jáde, pé kí wọ́n bá òun fà á padà. Ló bá ṣí ìwé tirẹ̀, èyí tí kò yẹ̀ wò láti ọdún gbọọrọ. Ó wà níbẹ̀ gbangba, lọ́nà tó máa yé ọmọdé: a fi túùbù tí kò ní ẹ́ńsáìmù sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí díẹ̀, tó sì ka ojú ìwé yẹn, ó yẹ kó pariwo. Nínú gbogbo èrò yẹn, kò sẹ́ni tó pariwo. Èyí dùn ún ju àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ lọ.

Wọ́n fà á padà, wọ́n kéde rẹ̀. Orúkọ ẹlòmíì ló wà lára láàbù náà báyìí. Àwọn tó ń sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Bàbá náà ò tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ mọ́, àfi lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ ń yún un.

"Ìyá wọn... wọ́n tún ti tọ́ka sí i. Wọ́n pọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fà á padà ni gbogbo ẹ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní iṣẹ́ takuntakun ni."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló fi parí ẹ̀rín náà. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Bàbá wọn, gbogbo ọdún tí ẹ fi ń jí mi pẹ̀lú ìròyìn yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ ṣí ìwé náà kà rí?"

Bàbá náà fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ṣí ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún ìgbà àkọ́kọ́.