Mo-mọ̀-tán Níwájú Ẹ̀rọ Olójú Méjì

Òṣé ni ìró àkọ́kọ́ tí etí rẹ̀ mọ̀ láyé. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀; bí oníbàárà bá ti kẹ́yìn sí i báyìí, òṣé gígùn á jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó dà sórí irin gbígbóná. Ọmọ náà ò jogún máṣíìnì, kò jogún àlùmọ́gàjí. Òṣé yẹn ló jogún.

Nígbà tó di oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń pòṣé sí akọ̀wé, ó ń pòṣé sí aṣọ́nà, ó ń pòṣé sí wáyà pàápàá. Wọ́n sọ ọ́ ní Mo-mọ̀-tán. Ó rò pé oríkì ni.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn ti ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ ńlá tuntun bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lòun máa yan olórí yàrá kọ̀ǹpútà. Inú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń to ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà aláìlára sí, àwọn tí kò ní irin tàbí wáyà tiwọn, kálukú ń ṣe tirẹ̀ bí ayálégbé nínú ilé kan. Kò sẹ́ni tó ń jókòó tì wọ́n. Èèyàn á ti kọ ìdáhùn sí gbogbo ohun tí wọ́n máa bi í sílẹ̀, àwọn náà á máa kà á, wọ́n á máa fi to ara wọn dé ibi tí wọ́n á ti lè ṣiṣẹ́. Ojú méjì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, èkejì lọ síbi ìpamọ́ fáìlì. Mo-mọ̀-tán kọ ọ́ sínú ìdáhùn náà pé ojú tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni kí wọ́n fi ṣe ti òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kọ ọ́ fún ẹ̀rọ àtijọ́.

Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń du ipò náà, ní, "Àbúrò, jẹ́ ká fi ẹyọ kan dánwò ná."

"Ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè tún ń tọ́ ọ wò ni?"

"Ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò, àlejò rẹ̀ ni iyọ̀ á pa."

Mo-mọ̀-tán rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Ọ̀gá wọlé. Gbogbo kọ̀ǹpútà ti to ara wọn tán. "Pe ọ̀kan ká gbọ́."

Ó pe ọ̀kan. Kò dáhùn. Ó pe òmíì. Òun náà ò dáhùn.

"Ṣé wọ́n sùn ni?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Díẹ̀ wo?"

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rọ tuntun yìí, ojú ìpamọ́ ló ń kọ́kọ́ rí. Gbogbo kọ̀ǹpútà náà ti fi í ṣe ti òṣìṣẹ́, wọ́n ti kẹ́yìn sí òṣìṣẹ́ gan-an, wọ́n ń retí ìpè níbi tẹ́nikẹ́ni ò ní gbà wá.

Mo-mọ̀-tán ní wáyà ni. Ó ní iná ni. Nígbà tó yá, ó ní ó jọ pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ sì lọ sára Ìyá Ìbejì.

"Èmi kẹ̀? Tíì ni mo fọwọ́ mi mú láti àárọ̀, ọmọ yìí!"

Ọ̀gá ò tilẹ̀ bínú. "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ ni yàrá yìí láti òní lọ. Ìwọ, tún un ṣe kó o tó lọlé."

Gbogbo wọn tẹ̀ lé ìyá náà jáde, wọ́n ń kí i kú oríire. Ó ku Mo-mọ̀-tán nìkan. Kò gbà pé òun jẹ̀bi, kódà níwájú ògiri. "Ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́," ló ń kùn. Ó pa ìlà tó ní kí wọ́n mú ojú tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí rẹ́. Ó kọ nọ́ńbà ojú ti òṣìṣẹ́ gan-an sí i fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí kì í yí padà bó ti wù kí ẹ̀rọ tò wọ́n. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń wò ó. Ó wá tan ẹyọ kan péré. Ó pè é, ó dáhùn. Ó tan àwọn yòókù.

Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ìpè, ó ṣa àjákù wáyà ilẹ̀, ó nu tábìlì, ó pa iná, ó ti ilẹ̀kùn.