Níwọ̀n Ìgbà Tí Mo Bá Ṣì Ń Mú Un Balẹ̀

Páílọ́ọ̀tì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ìjókòó mọ́tò ló ń ṣe. Kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Ibi tó ga jù tó gùn rí ni òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa, lọ́jọ́ tí òjò ń jò sórí fóòmù, àkàbà sì yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ lè máa rò pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni, èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ojú ni kò jẹ́ kó di páílọ́ọ̀tì gidi. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ ṣe ìdánwò láti wọ iṣẹ́ ológun òfurufú. Ó yege nínú ìwé, ó yege nínú eré sísá, wọ́n wá ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ó ka àwọn ìlà òkè, ìyókù di èèrà lójú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a padà sílé. Ìbínú yẹn ló gbé dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, tó ń ran ìjókòó mọ́tò, pé kí wọ́n kọ́ òun níṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti rí mi nídìí maṣínnì, tí mò ń ran lẹ́dà, tí mò ń bú gbogbo ayé.

Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, bákan náà la ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń mú tépù. Màá na tépù sórí ìjókòó, màá pe ìwọ̀n, òun á gé lẹ́dà, èmi á sì ràn án. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo pè é, ó gé e, ó parí. Mo máa ń pe ìwọ̀n náà kíkankíkan bí ẹni ń jà, òun náà á máa dáhùn pé, "Mo gbọ́, màmá, mo gbọ́," ọ̀bẹ rẹ̀ ò sì ní dúró. Àwọn oníbàárà a máa ní àwọn ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ là ń ṣe ni àbí ìjà la fẹ́ jà. Ọ̀bẹ yẹn, bàbá mi ló fi í jogún fún un. Inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló ń gbé, nínú àkọ̀ lẹ́dà tó rán fúnra rẹ̀. Bó bá wọ ṣòkòtò ìsinmi, á kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ náà sínú rẹ̀ kó tó mú áńkáṣíìfù.

Ọmọ wa ọkùnrin ló kó géèmù wọlé. Nígbà tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀, géèmù ogun bàálù kan sì wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gbé ìjókòó mọ́tò tí oníbàárà kan kọ̀ sílẹ̀ wọ yàrá ọmọ, ó kàn án mọ́ pákó, ó ra ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí bàálù, ó sì so sípíkà méjì mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó náà kí ìró ẹ́ńjìnnì lè máa wọ̀ ọ́ létí. Mo ní ṣé kí n bá a ran bẹ́líìtì sí i. Mo sọ ọ́ láti fi bú u ni o. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, dúdú ni kí n lò.

Oríṣiríṣi bàálù ló wà nínú géèmù náà, àwọn ńláńlá tó ń sáré ju ìró lọ. Ọkọ mi ò wò wọ́n. Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló mú, oníjókòó méjì, akẹ́kọ̀ọ́ níwájú, olùkọ́ lẹ́yìn. Ìtàn inú géèmù ni pé orílẹ̀-èdè kékeré kan ti pàdánù gbogbo bàálù ogun rẹ̀, ló bá di pé kí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ apá bàálù ilé ìwé, kí wọ́n sì máa rán an lọ sójú ogun. Ìjáde lẹ́yìn ìjáde ni. Lónìí, lọ fọ́ afárá. Lọ́la, lọ dáná sun ọkọ̀ tó ń kó epo fún ọ̀tá. Lẹ́yìn náà kí o padà wálé, kí o mú un balẹ̀. Bí bàálù bá já mọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ogun ti parí nìyẹn, géèmù á pa orúkọ rẹ rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yan òfin yẹn, ó ní ẹni tó bá lẹ́mìí méjì kì í ṣọ́ra.

Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ èyí tó lọ́ra jù ló mú. Ó ní, "Ìjókòó méjì ló ní. Wá jókòó."

Mo pòṣé, ṣùgbọ́n mo jókòó. Àpótí tí mo ń jókòó lé nídìí maṣínnì ni mo gbé wá, mo fi sí apá òsì rẹ̀. Ó fi ibi tí nọ́ńbà gíga wà hàn mí lórí sikirínì, ó fi ti eré hàn mí, ó ní kí n máa pè wọ́n fún òun bí mo ṣe ń pe tépù. Kò gba ọgbọ́n kankan. "Ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. O ti ń sáré jù, bàbá, ta ló ń lé ẹ?" "Mo gbọ́, màmá." Nígbà tí ọ̀tá bá sì wà lẹ́yìn wa, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ maṣínnì tí kò sí níbẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí. Á ní ìyàwó òun fẹ́ fẹsẹ̀ ran bàálù dé ilé.

Ibi tí ayọ̀ wa mọ nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni dókítà ojú wo inú ojú rẹ̀, tó sì gbé iná sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní ìfúnpá inú ojú rẹ̀ ti ga fún ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti ń jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ó ní èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́, oògùn tí yóò máa kán sójú lè dá ìyókù dúró, ó sì lè má dá a dúró. Ó ní kó má di nǹkan mímú mú mọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń gé lẹ́dà pé kó má di ọ̀bẹ mú. Ọmọ wa obìnrin pè lórí fóònù, ó sunkún, ó ní kí bàbá òun jókòó sílé. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa, gbogbo yín. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mú bàálù yìí balẹ̀ fúnra mi, ojú mi ṣì wà, kẹ́nikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ọjọ́ tó bá já mọ́ mi lọ́wọ́, màá fa ọ̀bẹ lé ìyá yín lọ́wọ́, mi ò ní jiyàn." Mo gbà. Mo mọ̀ pé bí mo bá gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí mo gba òun fúnra rẹ̀ ni. Kí ló kù tí yóò máa ṣe? Ṣé yóò máa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn èèyàn á máa kí i bí wọ́n ṣe ń kí arúgbó tí wọ́n gbé sóòrùn?

Bó ṣe di pé mò ń ṣọ́ bíbalẹ̀ bàálù ju oúnjẹ ilé lọ nìyẹn. Kò jẹ́ kí n bá a wo pápá tí bàálù ń balẹ̀ sí rí. "Ìwọ máa pe gíga, èmi ni mò ń wo ilẹ̀." Á wá máa sọ ohun tó ń rí fún mi: ilé ìṣọ́ rèé, igi rèé, ìlà funfun rèé. Á sì balẹ̀. Ìgbà mìíràn bàálù á ta sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró, ṣùgbọ́n á balẹ̀. Màá mí kanlẹ̀, màá sì lọ gbé ìkòkò kaná.

Ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Etí kan á gùn, èkejì á kúrú. Ó ní lẹ́dà òde òní ò dára. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo ń fi okùn ẹ̀gbẹ́ bo ibi tó wọ́, mo sì ń bú àwọn tó ń ta lẹ́dà. Mo rí i pé ó máa ń fi àtàńpàkò wá etí tábìlì kó tó gbé ọ̀bẹ lé e. Mo rò pé àgbà ló dé. Bàálù náà ṣáà ń balẹ̀ ní tiẹ̀.

Ìjáde tó kẹ́yìn bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Òjò ti ṣú, àmọ́ kò rọ̀. Afárá tó kù ni ká lọ fọ́, ká sì padà wálé, ogun parí. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. A lọ, a fọ́ afárá. Nígbà tí à ń padà bọ̀, wọ́n yìnbọn ba apá bàálù wa jẹ́, bàálù náà sì ń fà sí òsì, ó ń gbọ̀n. "Ẹgbẹ̀rún kan," mo ní. "Ẹgbẹ̀rin." Ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó ń tẹ, ó ń tẹ, n ò tiẹ̀ mọ̀. Abẹ́ àpótí mi ni wáyà sikirínì gbà kọjá lọ sára ògiri. Ẹsẹ̀ mi kọ́ ọ, mo gbọ́ tó ta pá, sikirínì sì ṣókùnkùn.

Kọ̀ǹpútà ò kú. Ìró ẹ́ńjìnnì ṣì ń bọ̀ láti inú sípíkà, géèmù ń lọ lọ́hùn-ún níbi tí a ò ti lè rí i. Mo yíjú sí ọkọ mi láti sọ fún un pé mo ti bà á jẹ́, pé ẹsẹ̀ mi burúkú yìí ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ó tẹjú mọ́ sikirínì náà. Ó ń rọra gbé ọ̀pá sí ọ̀tún láti tún fífà bàálù náà ṣe. Ó ní, "Mo ti rí pápá. Ilé ìṣọ́ rèé. Ìlà funfun rèé, ó tọ́ gbọnrangandan."

Ojú ara mi ni mo rí nínú sikirínì dúdú yẹn, àti ojú tiẹ̀.

"Màmá, o dákẹ́. Pè é fún mi."

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo ti pe ìsọ̀kalẹ̀ yẹn fún un débi pé mo mọ bí nọ́ńbà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Mo fetí sí ẹ́ńjìnnì, mo sì ń pe ohun tí mi ò rí. "Irínwó. Igba. Ọgọ́rùn-ún." "Mo gbọ́." "Àádọ́ta. Ogún." Ó fa ọ̀pá sẹ́yìn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, taya dún lórí ilẹ̀, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìró náà lọ sílẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni orin ìṣẹ́gun gba inú sípíkà méjèèjì, tí kò sì dáwọ́ dúró.

Ọkọ mi fẹ̀yìn ti ìjókòó rẹ̀. Òógùn bò ó. Ó rẹ́rìn-ín tí n ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tí dókítà ti sọ̀rọ̀. "Ṣé o rí i? Ṣé o rí bó ṣe balẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé mo rí i. Ó ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀bẹ ló máa mú.

Mo ní, "Mi ò rí i. Ìwọ náà ò rí i. Mo ti fẹsẹ̀ yọ wáyà sikirínì kí o tó sọ pé ìlà funfun rèé."

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo ṣáà mú un balẹ̀."

"O mú un balẹ̀. Lẹ́dà kì í dún bí ẹ́ńjìnnì, bàbá."

Ó jọ̀wọ́ ọ̀pá náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Tòsì wá di kùrukùru. Ohùn rẹ ni mo fi ń gé gbogbo lẹ́dà yẹn."

Mi ò lè jókòó mọ́. Mo dìde, mo gba ẹ̀yìn tábìlì lọ síbi ògiri, orin yẹn sì bo ìró ẹsẹ̀ mi. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Sikirínì tàn. Bàálù kékeré wa dúró ní òpin pápá, apá kan ti ya, taya kan wà nínú koríko. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọ lu ojú ọkọ mi, kò ṣẹ́jú.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀, ó di ẹ̀yìn irin rẹ̀ mú kí èékù lè kọjú sí ẹni tó máa gbà á. Ó nà án sí apá òsì, sí orí àpótí tí mo máa ń jókòó lé. "Gbà, màmá," ló wí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àpótí òfìfo yẹn, ó ń retí. Mo rọra gba ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo jókòó síbi tó rò pé mo wà, mo sì gbà á.