Tinúadé àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rá

Ẹ má bá Tinúadé Ọlọ́runyọmí jiyàn lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń tún wọn ṣe ní Ailegun, orí rẹ̀ sì le díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó ṣe àṣìṣe, àṣìṣe ọ̀hún sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá, ìyẹn náílọ́ọ̀nù, ní Ìsọlọ̀ ló pè é. Pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ọ̀rá, ti jó. Tinúadé wá òmíràn tí orúkọ àti ìyára rẹ̀ bá tàkọ́kọ́ mu, ó fi sí i. Kọ̀ǹpútà ò mí. Ló bá sọ fún máníjà pé bọ́ọ̀dù, pátákó tí ọpọlọ náà jókòó lé, ló bàjẹ́. Máníjà ní àwọn á ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù nìyẹn. Ó ní kí Bàbá Mùktárù, tó ti ń lo ẹ̀rọ ọ̀hún láti ọdún mọ́kàndínlógún, máa lọ sílé.

Ìgbà tí Tinúadé dé ṣọ́ọ̀bù ló tó fi pírósẹ́sọ̀ méjèèjì wéra. Àmì kékeré tó wà lórí wọn ò bára mu. Àwọn tó ń ṣe é a máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ láìyí orúkọ rẹ̀ padà, àmì yẹn nìkan la fi ń dá wọn mọ̀. Bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ ò sì mọ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀dù náà ò bàjẹ́ rárá, Tinúadé ló kánjú. Ojú tì í gan-an.

"Èmi ni mo lé bàbá yẹn níṣẹ́," ó sọ fún ara rẹ̀, "èmi náà ni màá dá a padà."

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀dọ̀ Tàjùdéèn lọ ní Èjìgbò, ẹni tó ń ra òkú kọ̀ǹpútà. Tàjùdéèn gbé àpò pírósẹ́sọ̀ kan jáde.

"Àǹtí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

"Ọ̀kan náà kọ́." Ó fa àpótí jókòó. Ó ń fi òwú àti sípíríìtì nu ọ̀dà funfun tó gbẹ mọ́ wọn lórí, ó ń ka àmì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn aláṣejù kan ti fi sáńpépà ha òmíràn kó lè máa dán, àmì ti pa rẹ́. Ó pòṣé, ó jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oòrùn ti kàn án lórí kó tó rí èyí tó bá a mu.

"Ẹ má bínú sà," ó sọ fún máníjà nígbà tó padà dé Ìsọlọ̀, kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ náà, "bọ́ọ̀dù yín ò bàjẹ́. Èmi ni mo ṣì í."

Ó fi í sí i. Kọ̀ǹpútà tan, ẹ̀rọ ń kùn. Máníjà fẹ́ pe ẹlòmíì kó wá lò ó, Tinúadé dúró níwájú ẹ̀rọ, kò kúrò.

"Ẹ pe Bàbá Mùktárù ná."

Máníjà pè é, ó ní kó máa bọ̀. Ohùn bàbá náà jáde ketekete látinú fóònù:

"Ọ̀gá, ṣé kí n wọ aṣọ iṣẹ́ bọ̀ ni, àbí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mi lẹ fẹ́ gbà?"

Kí máníjà tó lanu, Tinúadé ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aṣọ iṣẹ́ ni, bàbá. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ yín."