Sàdíà àti Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkirè, kò sí ohun tí mo fi ń yangàn tó kọ̀ǹpútà bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni wọ́n ní lọ́nà ọjà, níbi tí àwọn olùkọ́ ti máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò wá. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀: ìdí rẹ̀ yọ gọngọ sẹ́yìn, bí wọ́n bá sì tàn án, á máa kùn wùùù bí omi tó fẹ́ hó.

Ìyá mi ń dín dòdò Ìkirè. Èmi ni mo máa ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí màá po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n tó máa bù ú sínú epo gbígbóná. Bí mo bá ṣe é tán, ọṣẹ ni màá fi fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, màá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí Bàbá tó gbà kí n jókòó. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi máòsì darí àmì kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà kiri. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa kọ̀ǹpútà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́; bí mo bá kàn fa wáyà yọ, wọ́n á fà mí létí. Àwọn ọmọ àdúgbò á fi súwè tí wọ́n ń ta sílẹ̀, wọ́n á wá tò sójú fèrèsé láti wò mí. Nígbà náà ni màá wá máa tẹ kíbọ́ọ̀dù kíkankíkan, bí mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń tẹ̀.

Ọdún Iléyá kan ni Sàdíà wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni, Àpòmù ni wọ́n ń gbé, ọdún méjì ni mo sì fi jù ú lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ ti wà lókè òkun. Àwọn ni wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí i. Ó pẹlẹbẹ bíi wàláà ilé kéú. Kò ní máòsì, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Ìka kan ṣoṣo ni Sàdíà fi ń rá a lójú, àwòrán á sì máa sáré tẹ̀lé ìka rẹ̀.

Kí n tó mọ̀, kò sẹ́nì kan lójú fèrèsé mi mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé Sàdíà wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó na ìka, ó tẹ ojú kọ̀ǹpútà bàbá mi. Kò sóhun tó mira.

"Àǹtí Ràlí, ṣé ó ti kú ni?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó ń béèrè ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Owú ta mí láyà bí ata.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Sàdíà lọ wẹ̀, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà lórí ẹní. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń tì í, mo fi ìka fa ìlà gba inú àwọn àmì róbótó mẹ́sàn-án kan, mo tì í pa. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn wá máa bẹ̀ mí. Wọ́n sì bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí n ṣí i, ìka mi ti gbàgbé ọ̀nà tó gbà. Ká ní ọ̀rọ̀ ni mo fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ni, ǹ bá rántí. Mo fa á títí, ó kọ̀ jálẹ̀.

Bàbá fi ọ̀kadà gbé wa lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan ní Gbọ̀ngán. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Màá ṣí i, sà, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á lọ."

Sàdíà bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé bàbá rẹ̀ gba ohùn ara wọn sínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, tí wọ́n ń kì í ní oríkì. Àràárọ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Bàbá mi ò nà mí. Wọ́n kàn ní, "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé." Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí ọlidé á fi parí, wọ́n sì fi Sàdíà jókòó sórí àga mi. Èmi ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà wéréwéré. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí Bàbá ń rẹ́rìn-ín: "Sàdíà, ọwọ́ ẹ yá o! Ẹni tó ti ń lò ó lọ́dún méjì ò tó ẹ."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ní ata ló ta sí mi lójú.

Nígbà tí Sàdíà ń padà sí Àpòmù, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n. Ó fà mí dìde. "Àǹtí, bàbá mi ti tún oríkì mi kì lórí fóònù," ló wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n kánjú."

Láyé ìgbà yẹn, a máa ń fọwọ́ ká tó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Lónìí, ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú ń fi ìka rá fóònù ìyá rẹ̀. Àwọn tí ìbá gbé ìwé wá fún mi ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn lórí ìjókòó ọ̀kadà. Èmi ni mo jogún ṣọ́ọ̀bù náà. Sàdíà wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń ṣe áàpù, àwọn ètò tí wọ́n ń lò lórí fóònù. Ó ní kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà ńlá méjì ni òun fi ń ṣe é, àti pé ọlidé tí òun lò lọ́dọ̀ wa ló sọ òun di bẹ́ẹ̀. Mo bá a yọ̀. Owú yẹn ṣì ń ta mí láyà.

Bàbá mi ti dàgbà, fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ rá làwọn náà ń lò. Bó bá yọ wọ́n lẹ́nu, èmi ni mo máa ń wà nítòsí. Màá ní, "Bàbá, ẹ gbé e wá kí n wò ó."

Wọ́n á ní, "Fi sílẹ̀ ná. Mo ti pe Sàdíà."