Gìgísẹ̀ Òsì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní Sángò, bàtà tuntun kò níyì. Bí o bá yọ káńfáàsì tuntun jáde nínú páálí rẹ̀, oníbàárà á wò ó bí ẹni ń wo àfẹ́sọ́nà tí ẹnu rẹ̀ dùn jù, á ní, "Ṣáínà nìyí." Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ bàtà náà bá ti jẹ díẹ̀, tí okùn rẹ̀ ti pọ́n, tí ó ń rùn bí yàrá tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀, oníbàárà kan náà á ti imú bọ̀ ọ́, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ojúlówó ni. Òórùn òkè òkun gan-an nìyí."

Ẹ̀kọ́ nípa ọgbọ́n orí ni mo kà ní yunifásítì. Wọ́n bi wá léèrè níbẹ̀ títí pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Kò sí olùkọ́ kan tó sọ fún mi pé imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń fi bàtà ránṣẹ́ sí mi láti ìlú olótùútù kan tó ń gbé. Kì í ṣe àwọn tí gbogbo ayé mọ àmì wọn, tí àwọn ọmọdé ń ya sára ògiri. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn ni, bàtà ìsáré tó fúyẹ́, tó sì lágbára, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún máa ń tà lówó pọ́ọ́kú nígbà tí àsìkò bá yí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó wọn sí ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ilo-Awela, àwọn ènìyàn ń kọjá bí ẹni pé ẹja tó ti bàjẹ́ ni mo pàtẹ. Mo ṣàlàyé. Mo ní ẹni tó ń ra àmì, owó pátákó ìpolówó ló ń san. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìṣekéèkì fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin.

"Ẹ kàwé gan-an, ọ̀gá," ó ní. "Èyí tí wọ́n ti wọ̀ ńkọ́?"

Mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Ṣé kí n máa bá wọn wọ̀ ọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá mi."

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń wọ bàtà kọ̀ọ̀kan lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń fi í sáré lọ́jọ́ ìsinmi, kó tó jù ú sínú àpò tó ń bọ̀ wá sílé. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀ ni pé ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan péré ni Ọlọ́run fún un, mẹ́tàlélógójì. Bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe di ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́tàlélógójì nìyẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kéré, mo máa ń kí i dáadáa, mo sì máa ń júwe ọ̀dọ̀ ìyá oníbàtà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà fún un. N kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni n ó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn àjèjì tí ẹsẹ̀ wọn dà bí ti ẹ̀gbọ́n mi.

Nǹkan mìíràn sì wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́mọdé, ó já bọ́ látorí igi káṣú ní Ìjù. Àwọn tó ń to eegun bá a tò ó, ó sì san, àmọ́ kò tọ́ tán. Láti ìgbà náà, etí òde gìgísẹ̀ òsì ló fi ń tẹ ilẹ̀, ara rẹ̀ á sì tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ lára ògiri. Ìyá mi kì í wo ojú rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Bí èrò bá ń ya bọ̀ láti abẹ́ bíríìjì nírọ̀lẹ́, á wo ẹsẹ̀ wọn láti ọ̀ọ́kán, á ní, "Ó ń bọ̀," á sì lọ gbé omi ẹ̀bà kaná.

Nítorí náà, kò sí bàtà tó dé ọ̀dọ̀ mi tí gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ kò jẹ lápá òde. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ọ̀gbẹ́ni kan láti àdúgbò àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tó máa ń sáré láràárọ̀ Sátidé pẹ̀lú aago tó ń bá a ka èémí, fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé báyìí ni àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè dúró ṣinṣin lórí òkè. Mo mi orí. Ó ti sanwó, kí ni mo fẹ́ wí?

Bí àpò bá dé, ìyá mi á ti kírun alaasari tán, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í wo àwọ̀ bàtà. Ẹsẹ̀ òsì ni yóò dà délẹ̀, á fi àtàǹpàkò ra ibi tó jẹ. "Alihamudulilai. Ó ń rìn." Á wá máa ṣa èso koríko tó há sísàlẹ̀ bàtà, á dì wọ́n sí etí ìborùn rẹ̀. Ìwé ìgbélùú ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé lọ́hùn-ún. Bó bá jáde, kò ní lè padà wọlé. Ọdọọdún ló ń sọ pé tí òjò bá ti dá, òun ń bọ̀. Òjò ń dá.

Lẹ́yìn náà ni àpò kan dé, nígbà tí Iléyá ku díẹ̀. Ìyá mi da bàtà kan délẹ̀, ó da òmíràn, ó sì da gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ wọn jẹ dọ́gba.

"Ta ló wọ ìwọ̀nyí?"

"Bọ̀ọ̀dá ni, mà."

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi kọ́ nìyí. Pè é, kí n rí i."

Ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù, pẹ̀lú irùngbọ̀n tí a kò mọ̀ mọ́ ọn. Ìyá mi kò dúró gba ìkíni tán. "Wọ bàtà rẹ, kí o rìn."

Ó fi fóònù ti nǹkan, ó sì rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé. Ó tọ́ gbọnrangandan bí ṣójà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní dókítà kan ti gé nǹkan rírọ̀ kan fún ẹsẹ̀ òun, inú bàtà ló máa ń wà, ẹsẹ̀ náà kò sì dun òun mọ́. "Ó ti tọ́, màmá."

Ìyá mi dúpẹ́. Ó ṣàdúrà fún dókítà, fún ìyá tó bí dókítà. Nígbà tí fóònù kú, ó kó àwọn bàtà náà padà sínú àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bó bá wá dé," ó ní, "tó ń bọ̀ láàárín èrò, kí ni n ó fi mọ̀ ọ́n?"

Èmi tí mo máa ń ní èsì sí ohun gbogbo fẹ́ sọ pé ojú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ti rí ojú ọ̀hún lórí fóònù.

Bàtà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú àwọn ti àtijọ́, aláwọ̀ eérú. Mo gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn mi, n kò sì tà á. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ onírin nawọ́ sí i.

"Ọ̀gá, ìyẹn."

"Kì í ṣe títà."

"Kí ló wá ń ṣe lórí ìṣó? Ṣé fọ́tò ni?"

Ìyá mi gbójú sókè. "Kí ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ?"

"Mẹ́tàlélógójì, mà."

"Fún un."

"Màmá, ìyẹn ni..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Fún un."

Ó wọ̀ ọ́, ó tẹ ilẹ̀ wò. "Ó fẹ́ máa tì mí sápá kan o."

"Rìn dé ibi òpó iná yẹn," ìyá mi ní, "kí o yí padà."

"Ẹ ò bẹ̀rù pé mo lè gbé e sá lọ, màmá?"

"Kọ́kọ́ rìn ná."

Ó lọ. Bó ṣe ń kọjá láàárín àwọn ọlọ́kadà, gìgísẹ̀ tó jẹ yẹn ń fa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sóde, ara rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Ìyá mi ti dìde, ó di etí tábìlì mú. Ọmọkùnrin náà dé ìdí òpó, ó yí padà.

"Ó ń bọ̀," ìyá mi sọ jẹ́jẹ́.

Kí ó tó súnmọ́ débi tí a ó ti rí ojú rẹ̀, ìyá mi ti kọjú sí ògiri, ó ń to àwọn páálí tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n.